Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ A Bá A Dákẹ́

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe yìí ti wọ̀ wá lára tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ó fi jẹ́ pé bí ìwé kan bá ti fara jọ ìwé kóòtù, àyà ọmọ Yorùbá a já. Òmíràn á ti ìwé náà bọ abẹ́ ibùsùn, òmíràn á fi í sínú dúrọ́ọ̀, pẹ̀lú èrò pé bí ojú òun kò bá rí i mọ́, ọ̀rọ̀ náà yóò tán. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló pa òwe mìíràn, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àárín òwe méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ará wa sọ lónìí wà: ọ̀rọ̀ ìwé ìtanràn lórí eré àsápajúdé lójú ọ̀nà, pàápàá jùlọ èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kí a tó mọ̀ pé ó dé.

Àwa mẹ́ta kan wà ní Berlin tí a máa ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé láti bá àwọn ará ka lẹ́tà. Kò sí ẹni tó fi wá joyè náà. Ọ̀kan nínú wa ló ti pẹ́ jù ní ìlú yìí, èkejì gbọ́ èdè Jámánì dáadáa, ẹ̀kẹta sì ní sùúrù. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe bọ́ sí wa lọ́wọ́. A kì í ṣe lọ́yà, a kì í sì í gba kọ́bọ̀. Ohun tí a ń ṣe kò ju pé kí a ka ìwé náà sókè ní Yorùbá, kí a sọ irú ìwé tó jẹ́ fún ẹni tó ni ín, kí a sì bá a ka iye ọjọ́ tó kù. Àwọn ará wa ní Hamburg náà ń ṣe irú rẹ̀, a sì máa ń fi tẹlifóònù bi ara wa léèrè. Nínú gbogbo lẹ́tà tí a ti bá ènìyàn kà, ìbáà ṣe ti ilé-ìwé ọmọ, ti owó-orí tàbí ti ilé tí a háyà, kò sí èyí tí àwọn ènìyàn wa ń fi pamọ́ pẹ́ tó ìwé eré sísá.

Kò sì yani lẹ́nu pé ìwé yìí pọ̀ láàárín wa. Ta ni nínú wa tí kò mọ ọ̀nà Berlin sí Hamburg? Bí wọ́n bá sọmọ lórúkọ ní Hamburg, àwa ará Berlin á lọ. Bí wọ́n bá ṣe ìgbéyàwó ní Berlin, àwọn ará Hamburg á wá. Ọ̀nà náà fi díẹ̀ dín ní 300 kìlómítà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ni ọ̀nà màrosẹ̀ A24. Oṣù kọkànlá ọdún 1982 ni wọ́n ṣí ọ̀nà yìí tán, nígbà tí Jámánì ṣì pín sí méjì. Láyé ìgbà náà, ilẹ̀ Jámánì ti Ìlà-Oòrùn ni ènìyàn ń là kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sáré ju 100 kìlómítà ní wákàtí kan lọ lórí ọ̀nà màrosẹ̀ wọn. Ẹni tí ọlọ́pàá wọn bá mú, ojú ẹsẹ̀ ni yóò san owó ìtanràn, owó máàkì ti Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó wá láti ibẹ̀. Jámánì di ọ̀kan ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1990, ọ̀nà náà sì di ọ̀nà ilé fún gbogbo wa.

Ohun tó ń dẹ wá lójú lórí A24 ni pé ibi púpọ̀ wà níbẹ̀ tí kò ní òdiwọ̀n eré. Ọkọ̀ á máa lọ geerege, àwọn ọmọ á ti sùn lẹ́yìn, ìkòkò ọbẹ̀ á wà nínú bùùtù, lójijì ni ibi tí wọ́n ti ń tún ọ̀nà ṣe á yọ, àmì á sọ pé 80. Ẹni tí kò bá tètè dín eré kù, iná pupa kan á kọ yẹ̀rì sí i lójú. Ó tán. Kò sí ẹni tó dá ọkọ̀ dúró, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀.

Níbi yìí ni ìyàtọ̀ wà láàárín ibí àti ilé. Nílé, ènìyàn ni í dá ènìyàn dúró. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ojú ni awakọ̀ àti ẹ̀ṣọ́ fi ń rí ara wọn. A lè bẹ̀bẹ̀, a lè ṣàlàyé, a lè sọ pé “Ọ̀gá, ẹ ṣàánú wa, òkú ìyá wa là ń lọ sin.” Níbí, ẹ̀rọ ló rí wa, lẹ́tà ló sì máa bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ̀bẹ̀ àti àlàyé kò sọnù o, ṣùgbọ́n inú ìwé ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ní ọjọ́ tiwọn. Àjòjì lójú, kò fi ríran. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò rí ni pé lẹ́tà yẹn gan-an ni ẹ̀ṣọ́ tó dá wa dúró, ó sì ń retí pé kí a la ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ. Bí eré tí a fi kọjá òdiwọ̀n kò bá pọ̀, lẹ́tà lásán ni wọn yóò kọ, owó rẹ̀ kò ní ju 55 euro lọ. Bí a bá san án láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ parí. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé kí a sọ tẹnu wa. Lẹ́yìn èyí ni Bußgeldbescheid, ìwé ìtanràn gan-an, yóò dé. Ìwé yìí kò ti kóòtù wá. Ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tí ẹ̀rọ ti ya ọkọ̀ náà ló kọ ọ́. Láti Berlin dé Hamburg, ilẹ̀ ìpínlẹ̀ márùn-ún la máa ń tẹ̀: Berlin, Brandenburg, Mecklenburg-Vorpommern, Schleswig-Holstein àti Hamburg. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé ní Berlin lè gba ìwé láti Gransee, ìlú kékeré tí ọ́fíìsì ìtanràn Brandenburg wà, kí ó sì máa sọ pé “Èmi kò dé Gransee rí láyé mi.” Kò dé ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kọjá ní Brandenburg.

Owó ìtanràn tó wà lóde báyìí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 2021. Láàárín ìlú, níbi tí òdiwọ̀n 50 ti wà láti ọdún 1957, ẹni tó bá fi 21 sí 25 kìlómítà kọjá yóò san 115 euro. Bí ó bá fi 31 sí 40 kọjá, 260 euro ni, wọn yóò sì gba láísẹ́nsì rẹ̀ fún oṣù kan. Lẹ́yìn ìlú àti lórí ọ̀nà màrosẹ̀, ẹni tó bá fi 41 sí 50 kọjá yóò san 320 euro, òun náà kò ní wakọ̀ fún oṣù kan. Wọ́n á fi owó iṣẹ́ ọ́fíìsì, 28 euro àti 50 sẹ́ǹtì, lé e. Bẹ́ẹ̀ ni àmì ẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sínú ìwé ní Flensburg, bẹ̀rẹ̀ láti orí 21 kìlómítà. Láti ọdún 2014, ẹni tí àmì rẹ̀ bá pé 8, láísẹ́nsì rẹ̀ lọ.

Àpò tí ìwé ìtanràn yìí ń gbé wá ni a fẹ́ kí ẹ fi ojú sí gidigidi. Àpò lẹ́tà aláwọ̀ ìyeyè ni. Ẹni tó ń pín lẹ́tà á fi kálámù kọ ọjọ́ tó mú un dé sí ara rẹ̀. Bí kò bá bá ẹnikẹ́ni nílé, á jù ú sínú àpótí lẹ́tà tó ní orúkọ wa lára, lójú òfin ìwé ti dé ọwọ́ wa nìyẹn. Láti ọjọ́ tó wà lára àpò náà ni ọ̀sẹ̀ méjì ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti ọjọ́ tí a ṣí i, kì í sì í ṣe láti ọjọ́ tí a rí ẹni bá wa kà á. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí ni ẹni tí kò bá gbà gbọ́dọ̀ kọ Einspruch, ìyẹn ni pé kí ó sọ pé òun fẹ́ kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà wò. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ìdáhùn, ìwé náà di ìdájọ́ tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn ará wa kan, tí a ó máa pè ní Bàbá Ìbejì. Iṣẹ́ gbígbé ẹrù dé ojúlé àwọn oníbàárà ló ń ṣe ní Berlin. Láísẹ́nsì ọkọ̀ ni ọkọ́ àti àdá rẹ̀. Ó lọ sọ ọmọ àbúrò rẹ̀ lórúkọ ní Hamburg. Lójú ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń tún A24 ṣe, tí àmì sọ pé 80, ẹ̀rọ ká a mọ́ orí 127. Wọ́n yọ 4 kúrò nítorí àṣìṣe tí ẹ̀rọ lè ṣe, ó ku 123. Ó fi 43 kọjá. Fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ dé, ó kọ orúkọ rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí i, ó sì dá a padà. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí wọ́n pè é láti Abẹ́òkúta pé ìyá rẹ̀ ti dágbére fáyé. Òun, ìyàwó àti àwọn ìbejì gbéra, wọ́n sì lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko nílé.

Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n lọ ni àpò ìyeyè dé. Aládùúgbò kan tó ń bá wọn kó lẹ́tà kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá kan. Nígbà tí wọ́n padà dé, tí Bàbá Ìbejì ṣí ìwé náà, ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún sì ti gun orí rẹ̀: 320 euro, àmì méjì, oṣù kan láìwakọ̀. Ọ̀gá iṣẹ́ rẹ̀ sì ti sọ fún gbogbo awakọ̀ pé ẹni tí kò bá ní láísẹ́nsì kò ní iṣẹ́.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ló gbà níbi àríyá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀kan ní kí ó ya ìwé náà, pé ìjọba kò lè mọ̀ pé ó ti dé. Ìkejì ní kí ó sanwó, kí ó fi ọwọ́ lérán, nítorí ẹjọ́ ti tán. Ìkẹta ní kí ó kọ̀wé pé àbúrò òun ló wakọ̀, ṣebí àbúrò náà kì í fi láísẹ́nsì jẹun. Pẹ̀lú ìmọ̀ràn mẹ́ta yìí lọ́wọ́, oorun kò kun ojú rẹ̀ mọ́.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi wo ìwé yìí. Wọ́n ní ẹjọ́ ti tán lórí mi.”

A ní, “Ẹ jókòó ná, Bàbá Ìbejì. Àpò rẹ̀ ńkọ́?”

“Àpò wo nìyẹn?”

“Àpò ìyeyè tí ìwé náà gbé wá.”

Ó pe ìyàwó rẹ̀ nílé, ìyẹn sì wá a kàn láàárín àwọn bébà tí wọ́n fẹ́ dà nù. Ọjọ́ wà lára rẹ̀ gedegbe. A bi í ní ọjọ́ tó padà dé. Ọjọ́ kejì nìyẹn. A sọ fún un pé ẹjọ́ kò tí ì tán, ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún péré ló kù fún un.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Òfin Jámánì mọ̀ pé ènìyàn lè pẹ́ láìjẹ́ ẹ̀bi rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Wiedereinsetzung in den vorigen Stand. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n dá ènìyàn padà sí ipò tó wà kí ọjọ́ tó kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan péré ni ilẹ̀kùn náà fi ń ṣí, láti ọjọ́ tí ohun tó dènà ti kúrò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan yẹn, ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ wọlé: ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá wa padà, ìdí tí a fi pẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rí rẹ̀, àti Einspruch tí ó yẹ kí a ti kọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni í kọ àkọ́kọ́ tí í gbàgbé ìkẹta. Ó dà bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n ṣí i fún un, tí kò sì wọlé.

Kì í ṣe àánú lásán ni ilẹ̀kùn yìí. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ lórí òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ yìí, tó wà ní Karlsruhe, ti sọ láti ọdún 1969 pé ẹni tó ní ilé tó ń gbé, tó kàn rin ìrìn-àjò fún ìgbà díẹ̀, kò pọn dandan kí ó ti yan ẹni tí yóò máa gba ìwé ìjọba dè é, nítorí ìwé tó lè dé tàbí tó lè má dé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1975, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ ọ̀rọ̀ mìíràn tó kan àwa àlejò gan-an: bí wọ́n bá fi ìwé ìjìyà ránṣẹ́ ní èdè Jámánì sí ẹni tí kò gbọ́ èdè náà tó, láìsọ fún un ní èdè tó yé e bí yóò ṣe fèsì, a kò gbọdọ̀ ka pípẹ́ tó wá láti inú àìgbédè sí ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ má ṣe fi èyí yangàn o. Ní ọdún 1976, wọ́n fi kún un pé ẹni tó bá rí i pé ìwé ìjọba ni, tó sì kọ etí dídi sí i, tí kò wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un, ẹ̀bi ara rẹ̀ ni. Àìgbédè ní àforíjì. Àìbìkítà kò ní.

A kó ẹ̀rí jọ fún Bàbá Ìbejì: tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ní àlọ àti àbọ̀, òǹtẹ̀ inú páásípọ́ọ̀tù, ìwé ìkéde òkú ìyá rẹ̀, àti lẹ́tà ọ̀gá iṣẹ́ rẹ̀ pé ìsinmi ló wà lásìkò náà. Aládùúgbò náà kọ ìlà mẹ́rin, ó sì bọwọ́ lù ú. A ní kí ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá agbẹjọ́rò tó mọ òfin ọkọ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́, ó sì lọ. Ọjọ́ kẹfà, ìwé wọlé.

Ní ti ọ̀rọ̀ àbúrò, a sọ fún un láì fi bọpobọyọ̀ pé kí ó má dán an wò. Ní Jámánì, awakọ̀ ni wọ́n ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó ni ọkọ̀. Òfin sì gba ènìyàn láyè láti dákẹ́, kí ó má tọ́ka sí ara rẹ̀ tàbí sí ẹbí rẹ̀ tó súnmọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí a dárúkọ ẹni tí kò wakọ̀ pé òun ló wakọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi ju eré sísá lọ fíìfíì nìyẹn, ó sì lè sọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò di ọ̀daràn. Àwọn bàbá kan wà láàárín wa tí wọ́n fẹ́ gbé ẹrù ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́nsì. Ìfẹ́ ni, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a gba ìyà jẹ fún lórí eré, eré náà ni yóò tún sá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́tà dé pé wọ́n gba ẹ̀bẹ̀ Bàbá Ìbejì, wọ́n dá a padà sí ipò rẹ̀. Ìwé ìpè kóòtù wá tẹ̀ lé e. Níbi yìí ni a ti ní láti bá a sọ̀rọ̀ gidi. Aago mẹ́sàn-án kóòtù kì í ṣe aago mẹ́rin òde àríyá wa tó ń di aago méje. Ẹni tí wọ́n bá pè tí kò yọjú, tí kò sì ní àwáwí tó múná dóko, adájọ́ á da Einspruch rẹ̀ nù láìgbọ́ ohunkóhun lẹ́nu rẹ̀. Àtijọ́ lẹ́tà ló pẹ́; bí ara bá tún pẹ́, kò sí ohun tó kù. Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni òun àti méjì nínú wa ti jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá Ìbejì kò jiyàn lórí eré. Ó ní òótọ́ ni, òun ló wakọ̀, ìjìyà nìkan ni òun fẹ́ kí wọ́n tún wò. Adájọ́, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, bi í pé ṣé ó rí àmì 80. Ó ní, “Mo rí i, mo pẹ́ kí n tó dín eré kù.” Obìnrin náà ní kí ó rántí pé àwọn òṣìṣẹ́ wà lẹ́yìn irin ìdènà yẹn, àwọn náà ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Kóòtù dákẹ́ lọ gbári. Lẹ́yìn náà ó ka lẹ́tà ọ̀gá iṣẹ́, ó rí i pé kò ní àmì kankan tẹ́lẹ̀, pé láìsí láísẹ́nsì fún oṣù kan iṣẹ́ yóò bọ́. Òfin fún un láṣẹ láti mú oṣù kan náà kúrò kí ó sì fi owó dípò rẹ̀. Ó sọ 320 di 640 euro. Àmì rẹ̀ wà síbẹ̀. Láísẹ́nsì wà lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ kò bọ́.

Àwọn kan gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n ní, “Ṣé owó ìlọ́po méjì ni ẹ wá lọ gbà bọ̀ ní kóòtù?” A dá wọn lóhùn pé ohun tí ó lọ gbà bọ̀ ni pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu òun. Ìdáhùn kì í ṣe àtakò, Einspruch kì í sì í ṣe irọ́ pípa pé a kò sáré. Ẹni tó dáhùn wà níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó dákẹ́, ẹlòmíràn ló ń bá a sọ ọ́ parí.

Ẹ wo ọ̀gbẹ́ni Öztürk, ọmọ ilẹ̀ Túrkì tó dé Jámánì ní ọdún 1964. Ní oṣù kìíní ọdún 1978, ọkọ̀ rẹ̀ kọlu ọkọ̀ kan tó dúró jẹ́ẹ́ ní Bad Wimpfen. Ìwé ìtanràn 60 máàkì jáde ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin. Ní ọjọ́ 11, ó ti fèsì. Nígbà tó dé kóòtù ní Heilbronn, ó fa Einspruch rẹ̀ sẹ́yìn, kò jà mọ́ lórí ìtanràn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ó san owó ògbufọ̀, 63 máàkì àti 90 fẹ́nì. Lórí owó tí kò tó ọgọ́rùn-ún máàkì yìí, ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 1984, wọ́n dá a láre: kódà lórí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ojú ọ̀nà, ẹni tí kò gbọ́ èdè kóòtù ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Àǹfààní tí gbogbo àlejò ń jẹ lónìí, ẹnìkan tó la ẹnu ló mú un wá.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ìrìn-àjò ń mú pẹ́. Àbúrò wa obìnrin kan ní Hamburg, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó, gba ìwé 115 euro, pẹ̀lú 28 euro àti 50 sẹ́ǹtì lórí rẹ̀. Ó wà nílé, ó rí i, ó kà á. Owó ni kò ní, ojú sì ń tì í láti sọ. Ó dákẹ́. Ìwé ìrántí dé, ó dákẹ́. Níkẹyìn ìwé kan dé tó dárúkọ Erzwingungshaft, ìyẹn ni pé kóòtù lè ní kí wọ́n tì í mọ́lé títí yóò fi sanwó. Ó sọ fún àwọn ará wa níbẹ̀ pé, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n tì mí mọ́lé ní ọjọ́ díẹ̀, kí gbèsè náà lè parẹ́.” Wọ́n ní, “Àbúrò, kì í parẹ́.” Òótọ́ ni. Ìtìmọ́lé yẹn lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí ìtanràn kan ṣoṣo, gbèsè náà yóò sì dúró síbẹ̀ bí ènìyàn bá jáde. Ẹni tí kò ní owó ni òfin kò fẹ́ tì mọ́lé, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ pé òun kò ní, kí ó sì fi ẹ̀rí hàn. Wọ́n bá a kọ̀wé pẹ̀lú ìwé owó oṣù rẹ̀, pé kí wọ́n jẹ́ kí ó máa san 30 euro lóṣooṣù. Wọ́n gbà. Oṣù mélòó kan tó fi ń sá fún lẹ́tà, ìlà márùn-ún ló parí rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa ní Berlin, ní Hamburg àti níbi gbogbo, ẹ jẹ́ kí a kó ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹ kọ orúkọ yín sí ara àpótí lẹ́tà kó hàn ketekete, bí ẹ bá sì kó kúrò nílé, ẹ lọ fi tó ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ létí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá ń lọ sílé, ẹ bẹ ẹnìkan kí ó máa ṣí àpótí náà. Òfin kò fi dandan lé e, ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ má ṣe ju àpò ìyeyè nù láé, ẹ̀rí yín ni. Bí ọjọ́ kò bá tí ì kọjá, ẹ dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ó bá ti kọjá nígbà tí ẹ kò sí nílé, ọ̀sẹ̀ kan lẹ ní láti ọjọ́ tí ẹ mọ̀; ẹ kó ẹ̀rí ìrìn-àjò yín, ẹ sì wá agbẹjọ́rò. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ tiyín, tí owó sì wà, ẹ san án. Bí owó kò bá sí, ẹ sọ pé kò sí. Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni dúrọ́ọ̀ tí a tì pa.

Ní ti òwe wa pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹjọ́ ọmọ ìyá méjì lórí ilẹ̀ bàbá wọn ni àwọn àgbà ń wò tí wọ́n fi pa á. Nínú ẹjọ́ eré sísá, kò sí ọ̀rẹ́ tí a fẹ́ pàdánù. Ọ̀nà nìkan ló wà níbẹ̀, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, àti àwọn ọmọ tó sùn lẹ́yìn ọkọ̀ wa. Ẹ rọra wakọ̀. Bí a bá pẹ́ dé ibi ìsọmọlórúkọ, wọn yóò bu ìrẹsì pa mọ́ dè wá.

Àlọ wa, àbọ̀ wa, ire ni o.